Tíṣà Tó Fi Odindi Orílẹ̀-Èdè Gba Oyè Ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún ọmọ yín pé iṣẹ́ olùkọ́ kì í gbé èèyàn débì kan, ẹ rọra o. Ọkùnrin kan wà ní Túníṣíà, Kais Saied ni wọ́n ń pè é, tó fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa ìwé òfin ilẹ̀: bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, bí kò ṣe yẹ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìbáà ṣe ààrẹ. Ó fẹ̀yìn tì ní 2018. Ní 2019 ó di ààrẹ. Ní 2021 ó ti ìwé òfin tí wọ́n fi búra fún un sínú dúrọ́ọ̀, nígbà tó sì di 2022, ó gbé tuntun jáde, èyí tó kọ fúnra rẹ̀. A mọ olùkọ́ tó ń fipá ta ìwé tó kọ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá rà á kò ní pàs. Ti Tíṣà yìí ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè tó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìlá èèyàn ló ta tirẹ̀ fún.

Kí ẹ̀fẹ̀ mi tó wọra, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ oyè. Àwọn oníròyìn òkèèrè fẹ́ràn láti máa pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin ilẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo? Ta ló fi jẹ ẹ́? Saied kò gba oyè ọ̀mọ̀wé, kò sì dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n títí tó fi kó ìwé rẹ̀ kúrò lọ́gbà. Ó kọ́ni ní Sousse, ó bọ́ sí Tunis ní 1999, àwọn ọmọ tó kọ́ ń gboyè kọjá lójú rẹ̀, òun ṣì ń gbé ṣọ́ọ̀kì. Ẹ má bínú, n kò fi ìyẹn bú u. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó mọṣẹ́ ni kò rí oyè gbà, ọ̀pọ̀ ẹni tó gboyè ni kò mọṣẹ́. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ó jọ pé iṣẹ́ àṣegboyè tí kò ṣe nígbà náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó kàn ń dúró de ìgbà tí kò ní sí aláyẹ̀wò kankan lókè rẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ bí Tíṣà ṣe ń sọ̀rọ̀ ná. Àwọn ará Túníṣíà ní Lárúbáwá ìgboro tiwọn, èyí tí wọ́n fi ń ṣàwàdà, tí wọ́n fi ń bú ara wọn, tí wọ́n fi ń ná ẹja. Tíṣà kì í fi èyí sọ̀rọ̀ ní gbangba. Lárúbáwá inú ìwé ni tirẹ̀, èyí tó gún régé, tí ohùn kì í lọ sókè, tí kì í wá sílẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìròyìn aago méje fún ìyá oníbúrẹ́dì. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró ṣánṣán, ojú rẹ̀ kò ní rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ kò ní mì. Àwọn aráàlú wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: Robocop, ọlọ́pàá onírin inú fíìmù Amẹ́ríkà nì. Orúkọ náà bá a mu, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí Ben Ali, ààrẹ ìgbà náà, sá kúrò nílùú ní oṣù kìíní 2011, gbogbo Túníṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa irú ìwé òfin tí wọn yóò kọ, tẹlifíṣọ̀n sì ń wá ẹni tí yóò ṣàlàyé. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ Tíṣà. Àwọn olóṣèlú á máa pariwo, òun á máa ka abala. Wọ́n á máa ju ọwọ́, ju ẹsẹ̀, òun á gbé ìwé dání. Nígbà tí ìwé òfin 2014 jáde, tí gbogbo àgbáyé ń yìn ín, Tíṣà náà ń tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ká ní a mọ̀ pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn ni!

Ìbò 2019 dé. Ẹni 26 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò ìpele àkọ́kọ́. Tíṣà kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, kò kó èrò jọ sí pápá, kò gba owó tí ìjọba ń pín fún àwọn olùdíje. Ó gba ìdá 18.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sì tó láti ṣíwájú gbogbo wọn, nítorí àwọn yòókù ti fa ara wọn ya. Ẹni tó bá a dé ìpele kejì ni Nabil Karoui, olówó tó ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ti mọ́lé nítorí ẹ̀sùn owó-orí àti owó tí orísun rẹ̀ kò mọ́. Ẹ wá gbọ́ ìwà ọmọlúàbí: Tíṣà ní òun kò ní polongo ìbò mọ́, nítorí kò tọ́ kí òun máa rìn kiri nígbà tí alátakò òun wà lẹ́wọ̀n. Ọkàn mi fẹ́ yọ́ nígbà náà. Ọjọ́ díẹ̀ sí ìbò ni wọ́n tó tú Karoui sílẹ̀, Tíṣà sì fi ìdá 72.7 lù ú bolẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ alátakò tó wà lẹ́wọ̀n yìí pamọ́ fún mi, a máa nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di ti July 2021. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ìlú ti sú àwọn èèyàn. Kòrónà ń pa wọ́n, nínú ilé aṣòfin ẹnì kan ti dìde gbá aṣòfin obìnrin kan létí ní ìṣojú kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ sì ni ààrẹ àti olórí ìjọba kò jọ rẹ́rìn-ín mọ́. Ní alẹ́ July 25, ọjọ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè olómìnira wọn, Tíṣà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun lo abala 80 inú ìwé òfin. Ó lé olórí ìjọba, ó da ilé aṣòfin dúró. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ní ìgboro, àwọn èèyàn tú jáde láìka òfin kónílé-ó-gbélé sí. Inú wọn dùn dé ìdí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbé abala 80 síwájú Tíṣà, bí òun náà ṣe máa ń gbé e síwájú àwọn ọmọ. Abala náà sọ pé kí ààrẹ kọ́kọ́ bá olórí ìjọba àti olórí ilé aṣòfin jíròrò. Olórí ìjọba ni Hichem Mechichi, ẹni tí Tíṣà fúnra rẹ̀ yàn ní ọdún tó ṣáájú. Ìjíròrò tó bá a ṣe ni pé ó lé e. Olórí ilé aṣòfin ni Rached Ghannouchi, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó ní kò sẹ́ni tó bá òun jíròrò kankan. Abala náà tún sọ pé ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó láìdáwọ́dúró ní gbogbo àsìkò pàjáwìrì náà. Tíṣà fi ọkọ̀ ológun dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí Ghannouchi dé ibẹ̀ lóru, wọ́n ní kò ní wọlé, ni bàbá bá jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ níwájú géètì. Ká má rẹ́ Tíṣà jẹ, olórí ilé wà ní ìjókòó.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Tíṣà ní òun fẹ́ lò. Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, ó ní ó di ìgbà tí wọ́n bá tún gbọ́ láti ẹnu òun. Nígbà tó di September 22, ó gbé Àṣẹ 117 jáde, ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin fetí sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ọdún kìíní ń kọ́ ni pé ìwé òfin ilẹ̀ ló wà lókè, gbogbo àṣẹ ìjọba wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó bá ta kò ó nínú wọn, òfo ni. Àṣẹ 117 yí i po. Ó ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti orí méjì àkọ́kọ́ nínú ìwé òfin ṣì wà, àti ibi yòówù tí kò bá ta ko àṣẹ náà. Ẹ tún un kà. Ìwé òfin ló ní láti bá àṣẹ mu! Ọmọ tó bá kọ èyí sínú ìdánwò Tíṣà ní 2010 ì bá gba òdo, Tíṣà á sì fi bíró pupa fa ìlà sí i nídìí.

Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó gbé e lọ sílé ẹjọ́? Ilé ẹjọ́ wo? Ìwé òfin 2014 sọ pé kí wọ́n dá ilé ẹjọ́ àrà ọ̀tọ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìbò, èyí tí yóò máa dá ẹjọ́ lórí ìwé òfin. Òun ló yẹ kó sọ, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, bóyá ewu tí ààrẹ ní òun rí ṣì wà. Àwọn aṣòfin fi ọdún púpọ̀ jà nípa ẹni tí wọn yóò fi síbẹ̀, wọn kò rí i ṣe. Ẹ̀bi tiwọn nìyẹn, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Ìgbà tí wọ́n wá tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2021 kí ó lè rọrùn láti yan àwọn adájọ́, Tíṣà kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Kí ni ìdí? Ó ní ọjọ́ tí ìwé òfin dá ti kọjá. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kó iṣẹ́ àṣetiléwá wọn wá. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó lo abala tí ilé ẹjọ́ náà nìkan ló lè dá a lẹ́kun. Ẹni tí kò mọ òfin kò lè ṣe irú èyí. Ó gba kí èèyàn ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọ kó tó mọ ibi tí àlàfo wà.

Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó gba gbogbo agbára, ó bá àwọn oníròyìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, ó gba ẹnu Ọ̀gágun de Gaulle ti ilẹ̀ Faransé sọ ọ́: ṣé ọjọ́ orí òun yìí ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ apàṣẹwàá? De Gaulle jẹ́ ẹni ọdún 67 nígbà tó sọ tirẹ̀. Tíṣà jẹ́ ẹni ọdún 63. Ó ṣì ní ọdún mẹ́rin gbáko tó lè fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí iṣẹ́ àṣegboyè gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ mi wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, Tíṣà ní kí gbogbo ọmọ Túníṣíà wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n wá sọ irú òfin tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn tó dáhùn jẹ́ nǹkan bí 534,000. Àwọn yòókù ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó wá yan Sadok Belaid láti ṣe olórí àwọn tí yóò kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ta ni Belaid? Àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n òfin, ojúlówó ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó kọ́ Tíṣà fúnra rẹ̀ ní yunifásítì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn: akẹ́kọ̀ọ́ di ààrẹ, ó sì ní kí olùkọ́ òun wá bá òun ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Belaid parí tirẹ̀, ó gbé e lé Tíṣà lọ́wọ́ ní June 20. Ní June 30, ìwé òfin jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Belaid kà á, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ní July 3 ó sọ ọ́ ní gbangba pé èyí kọ́ ni àwọn kọ, pé ewu wà nínú rẹ̀, pé ó lè bí ìjọba apàṣẹwàá, ó sì gbé àkọsílẹ̀ ti ìgbìmọ̀ tirẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ayé fi wé e. Mo ti gbọ́ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá olùkọ́ rẹ̀ jà lórí iṣẹ́ àṣegboyè. N kò tíì gbọ́ èyí tí olùkọ́ ti ní iṣẹ́ náà léwu fún ìlú, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì tún fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i pé ó yege.

Èyí tó dùn jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí ìpolongo ìbò bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, Tíṣà jáde lálẹ́ July 8, ó ní àṣìṣe wà nínú ohun tí òun tẹ̀ jáde. Àṣìṣe! Nínú ìwé òfin ilẹ̀! Ó ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ ìwé òfin, kò ju ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé àti ètò abala lọ, ni ó bá gbé ẹ̀dà tí wọ́n ti tún ṣe jáde. Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ń yọ máàkì àwọn ọmọ ọlọ́mọ nítorí kọ́mà! Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọwọ́ ìkọ̀wé nìkan, n kò ní fi máàkì rẹ̀ dù ú. Tíṣà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ìjọba ní irú ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ àwọn ará Màgíríbù, ó sì rẹwà lójú bí aṣọ tuntun. Kálámù rẹ̀ kì í ṣàṣìṣe. Ohun tó ń kọ ló ń ṣe é.

Ìdìbò wá wáyé ní July 25, 2022. Ìdá 94.6 ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó jáde láti dìbò kò ju ìdá 30.5 lọ. Kò sí iye tó gbọ́dọ̀ jáde kí ìbò tó múlẹ̀, nítorí ẹni tó ṣètò ìdánwò kò fi iye kankan sí i. Abala 142 ló wà nínú ìwé náà. Ààrẹ ló ń yan olórí ìjọba, ààrẹ ló ń yọ ọ́. Ilé aṣòfin kò ní ọ̀nà kankan tí yóò gbà yọ ààrẹ. Ohun tí ààrẹ bá ṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bi í. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ẹjọ́ òfin ilẹ̀ yóò wà, adájọ́ mẹ́sàn-án ni yóò jókòó síbẹ̀. Ìbò ààrẹ 2024 dé, ó sì kọjá, wọn kò rí ẹyọ adájọ́ kan yàn síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò ilé aṣòfin tuntun ní December 2022, ìdá 11.2 ló jáde. Mo mọ olùkọ́ tí kíláàsì rẹ̀ máa ń dá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dá tó báyìí.

Ẹ̀yin adájọ́, ẹ dìde, ó kàn yín. Ní February 2022, ó tú ìgbìmọ̀ àgbà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ká. Àwọn ọlọ́pàá sì ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn pa. Ní June 1, ó lé adájọ́ 57 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìjọba ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní September ọdún náà, ó gbé Àṣẹ 54 jáde: ẹni tó bá tan ìròyìn èké ká, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, ó di ọdún mẹ́wàá. Ní Kétu, ẹni tó gbé ẹ̀fẹ̀ lórí lóru kì í jẹ́jọ́ ohun tó bá kọ lórin. Mo ń dúpẹ́ pé Kétu ló bí irú iṣẹ́ tèmi, kì í ṣe Tunis.

Àwa aláwọ̀ dúdú náà rí tiwa gbà. Ní February 2023, Tíṣà ní ọ̀wọ́ àwọn aṣíkiri tó ń wá láti gúúsù Sàhárà jẹ́ ara ète láti yí bí àwọn ènìyàn Túníṣíà ṣe rí padà. Onílé ń lé ayálégbé síta, Guinea, Mali àti Ivory Coast ń gbé ọkọ̀ òfurufú wá kó àwọn ọmọ wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà bá a wí. N kò rí abala tó ti fa èyí yọ nínú ìwé òfin rẹ̀, bóyá ó wà lára àwọn àṣìṣe ìtẹ̀wé.

Ẹ̀yin tí mo fún ní ọ̀rọ̀ pamọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e wá o. Ìbò 2024. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìjọba ní kí wọ́n dá olùdíje mẹ́ta padà sínú ìdíje. Àjọ elétò ìdìbò, tí Tíṣà fúnra rẹ̀ yan àwọn ọmọ inú rẹ̀, ní àwọn kò gbà. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n dìbò, ilé aṣòfin gba agbára ẹjọ́ ìbò kúrò lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ náà. Ẹni méjì ló kù tí yóò bá Tíṣà du ipò. Ọ̀kan nínú wọn, Ayachi Zammel, wà lẹ́wọ̀n, wọ́n ti dá ọdún tó lé ní mẹ́wàá fún un lórí ẹ̀sùn ayédèrú ìfọwọ́sí kí ọjọ́ ìbò tó pé. Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kò ní polongo nítorí alátakò yín wà lẹ́wọ̀n ní 2019, ṣé ẹ rántí? Ìdá 90.7 ló wọlé fún un, àwọn tó jáde dìbò kò sì pé ìdá 29.

Jaouhar Ben Mbarek náà wà lẹ́wọ̀n. Ẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe? Olùkọ́ òfin ilẹ̀ ni. Wọ́n mú un ní February 2023, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 18 fún un ní April 2025 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Olùkọ́ méjì tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ kan náà: ọ̀kan wà láàfin ààrẹ ní Carthage, èkejì wà láhàámọ́. Ibí yìí ni ẹ̀rín mi ti gbẹ díẹ̀.

Nítorí náà, Tíṣà, bí ẹ bá bi mí ní máàkì, n ó sọ ọ́ láìfi ṣe àṣírí. Ìṣèlú, ẹ gba A. Ọwọ́ ìkọ̀wé, ẹ gba A. Kọ́ọ̀sì tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ, ẹ féèlì rẹ̀, ẹ ó sì tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí kíláàsì rẹ̀ ní Sousse tàbí ní Tunis, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ju nóòtù yín nù. Ẹ wá ibi tí ẹ kọ abala ìdásílẹ̀ ilé ẹjọ́ sí, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i ní Carthage.